Ọ̀bẹ ni kí ẹ fi Jáfẹ́ẹ̀lì fọ̀, kì í ṣe ìdí ọsàn

Ẹ̀yin tí ẹ ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí lórí rédíò, ẹ tún rọra kà á níhìn-ín. Ẹ̀yin tí ẹ kò gbọ́ ọ, ẹ má ṣèyọnu. Ohùn a máa kọjá lọ, ṣùgbọ́n ìwé a máa dúró de ẹni tí yóò kà á. Ẹni tí ó bá ti mọ̀ ọ́n kà, kí ó kà á sókè fún ẹni tí kò tíì mọ̀ ọ́n.

Obìnrin kan ní Bessé ni ó bi wá ní ìbéèrè. Opó ni. Ọkọ rẹ̀ fi igi ọsàn 11 sílẹ̀ fún un ní ẹ̀yìnkùlé. Owó ọsàn yẹn ni ó fi ń rán ọmọ méjì lọ sí ilé-ìwé. Ní ọdún tí ó kọjá, 3 nínú àwọn igi náà bẹ̀rẹ̀ sí sunkún. Oje ń jáde ní ìdí wọn. Ewé wọn ń pọ́n, ó ń rẹ̀. Èso wọn kéré, kò sì dùn mọ́. Aládùúgbò rẹ̀ kan wò wọ́n, ó ní: "Ìyá, àrùn wà nínú ilẹ̀. Ṣé Jáfẹ́ẹ̀lì ń pa àrùn? Ẹ ra ìgò méjì, kí ẹ dà á sí ìdí wọn. Yóò tán." Obìnrin náà ra Jáfẹ́ẹ̀lì. Ṣùgbọ́n kí ó tó dà á sílẹ̀, ó ní kí òun kọ́kọ́ bi wá.

Ó ṣeun tí ó béèrè. Èsì wa nìyí: Ìyá, ẹ má dà á.

Ẹ má sì sọ ọ́ nù o. Jáfẹ́ẹ̀lì yẹn ní iṣẹ́ tí yóò ṣe nínú ọgbà ọsàn yín, ó kàn jẹ́ pé ìdí igi kọ́ ni ibi iṣẹ́ rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a sọ ìdí rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ọ̀tá náà. Àwọn onímọ̀ ń pè é ní Phytophthora. Ará Jámánì kan tí ń jẹ́ Anton de Bary ni ó sọ ọ́ ní orúkọ yìí ní 1876. Láti inú èdè Gíríìkì ni ó ti mú un, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni apa-ọ̀gbìn. Ó jọ ohun tí ń mú búrẹ́dì bu. Ó jọ olú tí ń hù lára igi kíkú, ṣùgbọ́n kì í ṣe olú gan-an. Ó kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ojú lásán kò lè rí i. Inú omi ni ó ti ń gbádùn ayé rẹ̀. Bí òjò bá rọ̀ tí omi sì dúró sí ìdí igi, àwọn ọmọ rẹ̀ a máa lúwẹ̀ẹ́ nínú omi náà, bí ọmọ ọ̀pọ̀lọ́ ti ń lúwẹ̀ẹ́ nínú ọ̀gọ̀dọ̀. Wọn a wá gbòǹgbò kéékèèké lọ, tàbí ojú ọgbẹ́ lára èèpo igi. Ibẹ̀ ni wọn a gbà wọlé.

Níbi tí ó bá ti wọlé, èèpo igi a bẹ̀rẹ̀ sí jẹrà. Igi náà a wá máa da oje sí ojú ibẹ̀. Oje yẹn kì í ṣe àrùn. Igi ni ó ń jà. Ní àkókò òjò, omi a máa fọ oje náà lọ, ẹ lè má rí i rárá. Ní ẹ̀ẹ̀rùn ni ẹ óò rí i tí ó gbẹ mọ́ ara igi bí àtè. Bí èèpo bá jẹrà yí igi po, oúnjẹ tí ewé ń sè kò ní lè dé ọ̀dọ̀ gbòǹgbò mọ́. Gbòǹgbò a kú. Igi a sì tẹ̀ lé e.

Ẹ̀yin tí ẹ ti ṣe iṣẹ́ kòkó rí ní Gánà tàbí ní Nàìjíríà, ẹ mọ ìbátan àrùn yìí. Òun ni ó ń mú kí kòkó dúdú lórí igi nígbà òjò, tí gbogbo inú rẹ̀ a sì bàjẹ́. Ìbátan rẹ̀ mìíràn wọ oko ọ̀dùnkún àwọn ará Ireland ní 1845. Ọ̀dùnkún ni àwọn òtòṣì ibẹ̀ ń jẹ láàárọ̀ àti lálẹ́. Bí mílíọ̀nù kan ènìyàn ni ó kú nínú ìyàn náà. Nítorí náà, bí a bá ní kí ẹ má fi ojú kékeré wo oje ìdí ọsàn, a mọ ohun tí a ń sọ.

Jáfẹ́ẹ̀lì wá ńkọ́? Javel ni orúkọ àdúgbò kan ní ìlú Paris. Ibẹ̀ ni wọ́n ti kọ́kọ́ ṣe omi náà ní ìparí àwọn ọdún 1780, láti fi mú kí aṣọ funfun. Ohun tí ó ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀ ni klórínì. Àwọn ará Nàìjíríà ń pè é ní bílíìṣì. Òtítọ́ ni aládùúgbò yẹn sọ: klórínì ń pa àrùn. Bí a bá fi klórínì díẹ̀ sínú omi tí ó mọ́, àwọn ọmọ àrùn tí ń lúwẹ̀ẹ́ nínú rẹ̀ yóò kú kíákíá.

Ṣùgbọ́n ilẹ̀ kì í ṣe omi tí ó mọ́.

Ẹ lè dán an wò fúnra yín. Ẹ mú agolo tòmátì méjì. Ẹ bu omi mímọ́ sí ọ̀kan. Ẹ bu ilẹ̀ dúdú láti abẹ́ igi sí èkejì, kí ó dé ìdajì, kí ẹ sì fi omi kún un. Ẹ bu Jáfẹ́ẹ̀lì tí ó kún ìdérí ìgò kan sínú ti àkọ́kọ́, kí ẹ tún bu ìdérí kan sínú ti èkejì. Ẹ fi igi rò wọ́n. Ẹ gbé wọn sí ìta, kí àwọn ọmọdé má dé ibẹ̀. Lẹ́yìn wákàtí kan, ẹ gé àkísà aṣọ aró sí méjì, kí ẹ ki ọ̀kan sínú agolo kọ̀ọ̀kan. Ní ìrọ̀lẹ́, ẹ fa wọ́n yọ, kí ẹ ṣàn wọ́n. Èyí tí ó wà nínú omi mímọ́ yóò ti ṣí. Èyí tí ó wà nínú ilẹ̀ yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ rí bí ó ti wà tẹ́lẹ̀.

Kí ni ó fà á? Ilẹ̀ ti jẹ agbára klórínì tán kí aṣọ tó dé. Klórínì kò mọ ọ̀tá yàtọ̀ sí ọ̀rẹ́. Ohun tí ó bá kọ́kọ́ pàdé ni ó ń bá jà. Ewé tí ó ti jẹrà ni ó kọ́kọ́ pàdé, àti ìgbẹ́ ewúrẹ́, àti ekòló, àti àwọn ohun tíńtìntín tí ń mú kí ilẹ̀ lọ́ràá. Kí ó tó sọ̀kalẹ̀ bí ìka kan sínú ilẹ̀, ó ti rẹ̀ ẹ́. Àrùn náà sì wà nísàlẹ̀. Ní ẹ̀ẹ̀rùn, a máa wọ aṣọ líle, a sì sùn sínú gbòǹgbò kíkú títí òjò mìíràn yóò fi dé. Jáfẹ́ẹ̀lì kò lè bá a níbẹ̀.

Bí ẹ bá wá sọ pé ẹ óò da èyí tí ó pọ̀ gan-an, ìgò 5, ìgò 10 ńkọ́? Nígbà náà ni yóò dé ọ̀dọ̀ gbòǹgbò lóòótọ́, yóò sì jó àwọn gbòǹgbò kéékèèké tí igi fi ń mu omi. Nígbà tí klórínì bá sì ti ṣiṣẹ́ tán, iyọ̀ ni ó ń kù lẹ́yìn rẹ̀. Igi tí ara rẹ̀ kò yá tẹ́lẹ̀ ni ẹ fẹ́ fún ní omi iyọ̀ mu yẹn.

A lọ wo ọgbà obìnrin náà ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan. Kí a sọ òtítọ́, kò pẹ́ tí a fi rí ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Balùwẹ̀ ilé náà wà ní ẹ̀gbẹ́ ògiri ẹ̀yìn. Omi ìwẹ̀ ń gba ihò kan jáde lábẹ́ ògiri, ó ń ṣàn lọ. Níbo ni ó ń ṣàn lọ? Sí ìdí igi mẹ́ta yẹn gan-an. Ilẹ̀ ibẹ̀ tutù nínú ẹ̀ẹ̀rùn, kókó ti hù sí i. Àwọn igi 8 yòókù wà ní òkè díẹ̀, ìdí wọn gbẹ, ara wọn le.

Ó tún ku nǹkan méjì. Bí wọ́n bá ti gbálẹ̀ tán láràárọ̀, ìdí igi wọ̀nyẹn ni wọ́n ń gbá ìdọ̀tí jọ sí. Òkìtì náà ti bo èèpo igi mọ́lẹ̀ dé orókún. Ọmọkùnrin ilé náà sì máa ń fi ọkọ́ ro abẹ́ igi. A rí ojú ọkọ́ lára èèpo ní ibi mẹ́ta, mẹ́rin. Omi ti wà, ìbora ti wà, ilẹ̀kùn sì ti ṣí. Kí ni àrùn náà tún ń wá?

Ìyá náà ní, "Mo rò pé omi ni wọ́n ń fẹ́." Lóòótọ́ ni, ọsàn ń fẹ́ omi. Ṣùgbọ́n ọsàn kì í fẹ́ kí ẹsẹ̀ òun wà nínú omi tọ̀sán-tòru. Ta ni nínú wa tí ó ń fẹ́ ẹ?

Ẹ wo ohun tí a ṣe níbẹ̀, kí ẹ lè ṣe é nílé tiyín. A kọ́kọ́ la ojú omi tuntun, omi ìwẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí ṣàn lọ sí ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ kò kọ̀ ọ́. Lẹ́yìn náà, a kó òkìtì ìdọ̀tí kúrò. A fi ọwọ́ àti igi kékeré wa ilẹ̀ kúrò ní ìdí igi títí a fi rí ibi tí gbòǹgbò ńlá àkọ́kọ́ ti bẹ̀rẹ̀. A kò lo ọkọ́. Ẹ jẹ́ kí afẹ́fẹ́ àti oòrùn máa dé ibẹ̀. Láti ọjọ́ náà, ọwọ́ ni wọ́n fi ń tu koríko tí ó bá hù sún mọ́ igi, wọn kò sì so ewúrẹ́ mọ́ ọn mọ́.

A wá fi ọ̀bẹ há èèpo tí ó ti jẹrà. Èèpo tí ó yè máa ń funfun tàbí kí ó ní àwọ̀ ewé nínú. Èyí tí ó ti kú a pọ́n bí tábà. Ẹ há a títí ẹ óò fi rí èyí tí ó yè yí ojú ọgbẹ́ náà ká, kí ẹ sì fi ìwọ̀n ìka kan kún un. Ẹ tẹ́ ọ̀rá sílẹ̀ kí èèpo tí ẹ ń há má bọ́ sórí ilẹ̀. Ẹ dáná sun ún.

Oògùn tí a fi kun ojú ọgbẹ́ náà ni èyí tí àwọn oníkòkó mọ̀ dáadáa, oògùn bàbà tí àwọ̀ rẹ̀ dà bí aró. Láti 1885 ni àwọn àgbẹ̀ Faransé ti mọ̀ pé bí a bá pò ó mọ́ ẹfun ìkunlé, ó ń lé irú àrùn báyìí. Fún igi díẹ̀, gíráàmù 100 oògùn bàbà, gíráàmù 100 ẹfun, àti omi lítà 1 tó. Ẹ pò wọ́n lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ nínú ìdajì omi kí ẹ tó dà wọ́n pọ̀. Kòróbá oníke ni kí ẹ lò, nítorí bàbà yẹn ń jẹ irin. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì kùn ún sí ojú ọgbẹ́. Bí ẹ kò bá mọ ibi tí ẹ óò ti rí i rà, ẹ bi òṣìṣẹ́ ètò ọ̀gbìn tí ó sún mọ́ yín.

Nísinsìnyí ni a dé ibi iṣẹ́ Jáfẹ́ẹ̀lì.

Èmi tí mo ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí, mo ti fi ọwọ́ ara mi ba ọsàn bàbá mi jẹ́ rí. Igi kan ń ṣàìsàn. Mo fi ọ̀bẹ há a, mo gé ẹ̀ka rẹ̀ tí ó kú. Inú mi dùn. Mo wá ní níwọ̀n ìgbà tí ọ̀bẹ ṣì wà lọ́wọ́ mi, kí n tún àwọn igi yòókù ṣe. Mo ti orí èyí bọ́ sórí ìyẹn, ọ̀bẹ kan náà, ẹrẹ̀ kan náà lára rẹ̀. Nígbà òjò tí ó tẹ̀ lé e, igi méjì tí kò ṣe nǹkan kan tẹ́lẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí da oje. Níbo ni oje náà ti ń jáde? Ní ojú ibi tí mo gé gan-an. Bàbá mi wò ó, kò sọ nǹkan kan. Ó sàn kí ó bú mi.

Ẹ máà rò pé àgbẹ̀ nìkan ni ó ń ṣe irú rẹ̀. Ní ilé ìwòsàn ńlá ìlú Vienna, ní orílẹ̀-èdè Austria, ní 1847, àwọn obìnrin tí ó ń bímọ ń kú bí ẹni pé wọ́n ṣépè fún wọn. Ní oṣù 4 ọdún náà, nínú 100 obìnrin tí ó bímọ ní apá kan ilé ìwòsàn yẹn, bí 18 ni ó kú. Dókítà kan wà níbẹ̀ tí ń jẹ́ Ignaz Semmelweis. Ó rí i pé àwọn dókítà máa ń la òkú láti fi kẹ́kọ̀ọ́, wọn a sì ti ibẹ̀ lọ gbẹ̀bí. Ọwọ́ wọn ni ó ń gbé ikú lọ. Ó ní kí olúkúlùkù fi omi klórínì fọ ọwọ́ kí ó tó fọwọ́ kan obìnrin. Nígbà tí yóò fi di oṣù 6, nínú 100, bí 2 péré ni ó ń kú.

Ẹ kíyè sí i: kò da klórínì sínú obìnrin. Ọwọ́ tí ń gbé àrùn kiri ni ó fi fọ̀. Ọ̀bẹ yín ni ọwọ́ dókítà yẹn. Àdá yín àti ọkọ́ yín náà ńkọ́, àti bàtà tí ẹ fi tẹ ẹrẹ̀ ìdí igi tí ń ṣàìsàn?

Bí a ṣe ń pò ó nìyí. Ibí yìí ni ìwé kíkà ti wúlò. Ẹ wo ara ìgò Jáfẹ́ẹ̀lì. Ẹ wá nọ́ńbà tí àmì yìí wà lẹ́yìn rẹ̀: %. Nọ́ńbà yẹn ni ó ń sọ bí ó ti le tó. Bí ẹ bá rí 2,6%, ẹ bu ife Jáfẹ́ẹ̀lì 1 sí ife omi 4. Bí ó bá jẹ́ 3,5%, irú èyí tí ó ń ti Nàìjíríà wá, ẹ bu ife 1 sí ife omi 6. Bí ó bá jẹ́ 9,6%, ó le gan-an nìyẹn. Ife 1 sí ife omi 18. Gbogbo rẹ̀ yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Irú agbára yẹn náà ni wọ́n fi ń fọ ilẹ̀ àti ohun èlò ní Guinea, ní Liberia àti ní Sierra Leone nígbà àrùn Ebola ní 2014.

Bí kò bá sí nọ́ńbà lára ìgò náà, tàbí tí ó bá jẹ́ èyí tí wọ́n rọ sínú ìgò omi mímu ní ọjà, ẹ má rà á. Ẹ kò mọ bí ó ti le tó. Ọmọ yín náà kò sì ní mọ̀ pé kì í ṣe omi.

Ẹ kọ́kọ́ fi omi àti ọṣẹ fọ ẹrẹ̀ àti oje kúrò lára ọ̀bẹ, kí ẹ sì ṣàn án dáadáa. Ẹ ti mọ ìdí rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ agolo méjì yẹn: ìdọ̀tí ń jẹ klórínì. Lẹ́yìn náà, ẹ rì í sínú omi Jáfẹ́ẹ̀lì fún ìṣẹ́jú 5 sí 10. Bí ẹ bá ní ọ̀bẹ méjì, ọ̀kan yóò máa rì nígbà tí èkejì ń ṣiṣẹ́; ẹ pààrọ̀ wọn ní igi kọ̀ọ̀kan. Orí igi tí ara rẹ̀ le ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, kí ẹ fi èyí tí ń ṣàìsàn ṣe ìkẹyìn. Ní ìrọ̀lẹ́, ẹ fi omi ṣan irin náà, kí ẹ nù ún, kí ẹ fi epo pa á, nítorí Jáfẹ́ẹ̀lì ń mú kí irin dógùn-ún. Ẹni tí kò bá ní owó Jáfẹ́ẹ̀lì lè yí ọ̀bẹ tí ó ti fọ̀ lórí iná.

Òòjọ́ ni kí ẹ máa pò ó. Omi Jáfẹ́ẹ̀lì tí ó sùn mọ́jú, tàbí tí ó ti rí bí omi ẹrẹ̀, kò lágbára mọ́. Ẹ gbé ìgò rẹ̀ sí ibi òkùnkùn tí ó tutù, nítorí oòrùn ń pa agbára rẹ̀. Ẹ má da àjẹkù rẹ̀ sí ẹ̀bá kànga tàbí sínú odò.

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ lórí ewu rẹ̀, pàápàá fún ẹ̀yin tí ẹ ní ọsàn. Ẹ má ṣe jẹ́ kí Jáfẹ́ẹ̀lì pàdé oje ọsàn wẹ́wẹ́. Ẹ má pò ó mọ́ ọtí kíkan, tàbí ìtọ̀, tàbí oògùn tí wọ́n fi ń fọ ṣáláńgá. Bí ó bá pàdé ohun kíkan, èéfín klórínì ni yóò jáde. Ní 22 oṣù 4 ọdún 1915, àwọn ọmọ ogun Jámánì tú èéfín klórínì sílẹ̀ lẹ́bàá ìlú Ypres, ní Belgium. Àwọn ọmọ ogun tí Faransé kó wá láti Algeria wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ kọ lù. Ọ̀pọ̀ kú, àyà wọn jó. Èéfín kan náà ni. Ìta gbangba ni kí ẹ ti máa pò Jáfẹ́ẹ̀lì. Bí ó bá ta sí yín lójú, ẹ fi omi mímọ́ púpọ̀ ṣàn án fún ìgbà pípẹ́. Bí ọmọ bá mu ún, ẹ má fi ipá mú un bì. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kíákíá.

Jáfẹ́ẹ̀lì tún ní iṣẹ́ lọ́dọ̀ ẹ̀yin tí ẹ ń tọ́ ọ̀gbìn ọsàn, píà tàbí ìbẹ́pẹ nínú àpò ọ̀rá. Omi odò tàbí omi ọ̀gọ̀dọ̀ tí ẹ ń bu wọ́n lè ti ní àrùn náà nínú. Omi kànga tí a bò sàn jù. Bí ó bá jẹ́ omi odò nìkan ni ẹ ní, ẹ jẹ́ kí ó tòrò, kí ẹ fi aṣọ sẹ́ ẹ sínú dúrọ́ọ̀mù lítà 200. Ẹ fi ṣíbí kékeré 3 Jáfẹ́ẹ̀lì 2,6% sí i. Ẹ rò ó, kí ẹ dúró fún ìdajì wákàtí. Ìwọ̀n kékeré yìí kì í pa ọ̀gbìn, ṣùgbọ́n ó tó fún àrùn tí ń lúwẹ̀ẹ́. Ìkòkò oníke tí ẹ ti lò rí, ẹ fọ̀ ọ́, kí ẹ rì í sínú omi Jáfẹ́ẹ̀lì bíi ti ọ̀bẹ, kí ẹ sì ṣàn án.

Ilẹ̀ tí ẹ óò bù sínú àpò ńkọ́? Oòrùn ni oògùn tirẹ̀. Wọ́n kọ ọgbọ́n yìí jáde ní Israel ní 1976. Ní ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà tí oòrùn bá mú jù, ẹ tẹ́ ilẹ̀ náà sílẹ̀ pẹrẹsẹ, kí gíga rẹ̀ má ju ìbú àtẹ́lẹwọ́ méjì lọ. Ẹ bomi rin ín. Ẹ fi ọ̀rá tí ojú ń là kọjá bò ó, kí ẹ fi erùpẹ̀ tẹ etí rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ẹ fi í sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 4 sí 6. Ooru abẹ́ ọ̀rá yẹn yóò ṣe ohun tí Jáfẹ́ẹ̀lì kò lè ṣe. Ọ̀fẹ́ sì ni oòrùn, àfi owó ọ̀rá.

Nígbà tí ẹ bá sì ń gbin ọsàn tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ìdí igi mìíràn, ẹ má rì í jù. Ojú ibi tí wọ́n ti lẹ̀ wọ́n pọ̀ gbọ́dọ̀ ga kúrò nílẹ̀ ju ìwọ̀n ìka nína kan lọ. Àwọn kan yóò sọ fún yín pé kí ẹ ra èyí tí ìdí rẹ̀ jẹ́ ọsàn kíkan, nítorí pé àrùn oje kì í tètè mú un. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n àrùn mìíràn wà tí iná ewé dúdú ń gbé kiri, tí ó ń pa ọsàn dídùn tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọsàn kíkan. Ó pa igi tó mílíọ̀nù lọ́nà púpọ̀ ní Brazil àti Argentina láti àwọn ọdún 1930. Tristeza ni wọ́n sọ ọ́ níbẹ̀, èyí ni ìbànújẹ́. Nítorí náà, ẹ béèrè irú ìdí tí igi náà ní kí ẹ tó sanwó.

Igi mẹ́ta obìnrin Bessé yẹn ńkọ́? Nígbà tí a há èèpo wọn, a rí i pé nínú méjì, jíjẹrà náà kò tíì dé ìdajì ìyíká igi. Àwọn méjèèjì yẹn ni a kùn. Nínú ẹ̀kẹta, ó ti kọjá ìdajì dáadáa. Irú igi bẹ́ẹ̀ kì í sábà yè, a sì sọ fún un bẹ́ẹ̀. Ó dákẹ́. Ó ní ọdún tí wọ́n bí ọmọ òun àgbà ni bàbá rẹ̀ gbin èyí. Lẹ́yìn náà, ó pe ọmọkùnrin náà pé kí ó mú àáké wá.

Wọ́n hú u tigbòǹgbò-tigbòǹgbò, wọ́n sun ún níbẹ̀, wọ́n sì fi ihò rẹ̀ sílẹ̀ fún oòrùn. Kò ní gbin ọsàn síbẹ̀ fún ọdún mélòó kan. Àgbàdo ni ó wà níbẹ̀ báyìí. Ìgò Jáfẹ́ẹ̀lì rẹ̀ kejì ṣì kún, ó gbé e sórí àjà níbi tí ọwọ́ ọmọ kò lè tó, ó sì ti kọ ọ́ sára rẹ̀ fúnra rẹ̀: FÚN Ọ̀BẸ.